Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣe Etíkun sí Ìgbẹmọ

Mo ní àbá kan fún àwọn àgbà Ìgbẹmọ-Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rín gbà á. Ìrẹsì tí a ń gbìn yìí tó gẹ́ẹ́. Etíkun ni kí a ṣe.

Ẹni tó bá ní òkun jìnnà sí Èkìtì, ẹ bá mi bi í bóyá ó gbọ́ nípa Cayo Coco. Erékùṣù kékeré ni ní ìhà àríwá Kúbà, ilẹ̀ tí Yemọja ti ń jẹ́ Yemayá lẹ́nu àrọ́mọdọ́mọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gé ìrèké. Owó àlejò ń wu ìjọba ibẹ̀, omi ló dí wọn lọ́nà. Ni wọ́n bá ń da òkúta sínú òkun, wọ́n ń dà á, títí ó fi di títì tó gùn tó kìlómítà 27. Ọdún 1988 ni wọ́n parí rẹ̀. Òkúta o, ẹ̀yin ará mi! Ohun tí ìyá wa ń fi gbogbo àárọ̀ ṣà kúrò nínú ìrẹsì.

Òótọ́ ni pé òkun bínú díẹ̀. Omi tó ti ń lọ tó ti ń bọ̀ kò rí ọ̀nà gbà mọ́, ó dúró sójú kan, igi inú ẹrẹ̀ ń kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ṣe afárá sí i. Ìyẹn kéré.

Ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an wà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ará Kánádà á dé, wọ́n á so ọ̀já mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, á jẹ, á mu títí di ọjọ́ tó ń padà sílé, nítorí ó ti san gbogbo owó sílẹ̀. (Ọmọ Èkìtì méjì péré tó bá dé ibẹ̀ tó sì bá iyán lórí tábìlì, òtẹ́ẹ̀lì náà wọ gbèsè nìyẹn.) Ọmọ Kúbà ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, òun náà ń wọlé, bó bá jẹ́ òun ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Títí di ọdún 2008 tí Raúl Castro di ààrẹ, wọn kì í fún ọmọ onílẹ̀ ní yàrá nínú irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ìbáà ní owó lápò.

Èkó náà ti ń kọ́ ọgbọ́n yìí. Bar Beach tí mẹ̀kúnnù ti ń gun ẹṣin, tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, ìlú olówó tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí, géètì sì ń ṣọ́ ọ.

Ìgbẹmọ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Kí a gbẹ́ adágún sáàárín oko ìrẹsì, kí típà kó yanrìn wá, kí a fi òkúta la ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá bá a lọ, a ó gbà á síṣẹ́: á máa lu dùndún fún àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Ìrẹsì tí àlejò yóò jẹ, láti Thailand ni, kí eyín wọn má baà kán. Dọ́là la ó máa gbà lẹ́nu géètì. Ọmọ Ìgbẹmọ tó bá gbé tírè dání, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ tètè wá fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì ya fọ́tò pélébé dání fún káàdì. Ẹni tí kò bá ní káàdì, kò ní lè wọ oko bàbá rẹ̀ mọ́.