Àgbéyẹ̀wò Ìjìnlẹ̀ Lórí Ihò àti Bí A Ṣe Ń Tà Á

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ń tà, ihò ni àwọn onímọ̀ kò kà sí jù. Àṣìṣe yẹn ni a fẹ́ ṣàtúnṣe rẹ̀ níbí. Ilé-Ifẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí èésan ti ń gun orí ara wọn lẹ́yìn ilé àwọn tó ń fọ́ ekùrọ́, tí èèpo kòkó sì ń jẹrà lóko láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Inú èédú ni ihò tí à ń sọ wà. Èédú lásán kò ṣòro láti ṣe. A ó di èésan sínú agolo irin, a ó dé e pa kí atẹ́gùn má ráyè wọlé, a ó sì koná mọ́ ọn títí yóò fi gbóná tó 400 sí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí atẹ́gùn bá wọlé, eérú ni a ó bá, ìwádìí parí nìyẹn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń fi èédú èésan rọ irin tipẹ́. Àwọn tó ti ń yọ́ dígí ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun, nínú Ifẹ̀ yìí kan náà, láti bí ọ̀rúndún kọkànlá náà mọ iná í lò, wọn kò sì tọrọ owó ìwádìí.

Ìpele kejì ni ìjìnlẹ̀ wà. Ooru omi ni a ó fẹ́ sí èédú yìí nínú iná 800 sí 1000 lórí òṣùwọ̀n kan náà. Yóò máa jẹ ẹ́ nínú, yóò máa gbẹ́ ihò tí ojú kò lè rí, títí èédú yóò fi di activated carbon, ìyẹn èédú onihò. Òfin wa kìíní nìyí: bí ọjà náà ṣe ń fúyẹ́ ni owó rẹ̀ ń gòkè. A kò gba àwọn oníṣòwò gàrí níyànjú láti dán an wò.

Bí a bá tẹ́ ojú gbogbo ihò inú gíráàmù kan rẹ̀, ó lè tó mítà onígun mẹ́rin 1000. Gíráàmù méje, ó di pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kò tíì gbọ́. Ara ihò wọ̀nyí ni àwọ̀, òórùn àti májèlé inú omi ń lẹ̀ mọ́. Ní 1918, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ ará ìlú pé kí wọ́n má da kóró èso peach nù, torí èédú rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ìbòjú tí ọmọ ogun fi ń sá fún gáàsì olóró.

Èèpo kòkó wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi potassium hydroxide po èédú wọn kí iná lè gbẹ́ ihò púpọ̀ sí i. Potassium yìí kan náà ló kún inú eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Inú ìgò ni àwọn onímọ̀ ti ń bu tiwọn. Ìkòkò onihò ni àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń sẹ́ tiwọn. Ihò náà ṣì ni.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ihò níye lórí, kó ya ibi ìwakùsà góòlù Sẹ̀gilọlá lẹ́bàá Iléṣà, níbi tí wọ́n ti da góòlù àkọ́kọ́ ní oṣù keje 2021. Cyanide ló ń yọ góòlù kúrò nínú òkúta lílọ̀. Èédú onihò ló ń gbà á mọ́ra nínú omi. Èédú èèpo àgbọn ni àwọn awakùsà kárí ayé yàn láàyò fún iṣẹ́ yìí, torí pé ó le. Èésan náà le. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ rí lè jẹ́rìí sí i.