Bí O Ṣe Lè Di Ẹnjiníà Kílẹ̀ Tó Ṣú

Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o lọ fi ọdún márùn-ún kàwé ní yunifásítì, kí o fi mẹ́rin sí i ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí o kọ ìròyìn gbogbo ohun tó o ṣe, kí o jókòó síwájú àwọn àgbà iṣẹ́ kí wọ́n da ìbéèrè bò ọ́. Ìgbà yẹn lo tó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tí ìjọba fi òfin 55 dá sílẹ̀ ní 1970, kí wọ́n tó gbà kó o máa jẹ́ ẹnjiníà. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, a ò tíì ka ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ mọ́ ọn. Ta ló ráyè? Mú bírò, jẹ́ ká ṣe é lọ́sàn-án yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Tẹ káàdì. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ni kó o lọ. Ní kí wọ́n kọ "Engr." sí iwájú orúkọ rẹ, kó máa dán. Má jẹ́ kó dá wà. Fi "Alhaji" tàbí "Chief" tì í. Lẹ́yìn orúkọ, fi MNSE tàbí FNSE sí i. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń jẹ́ M, àgbà ẹgbẹ́ ló ń jẹ́ F. Mú F. Iye kan náà ni atẹ̀wé ń gbà lórí méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Jẹ́ kí ayé gbọ́. Bó o bá dé òde ìyàwó, fi owó sábẹ́ káàdì kó o tó nà án sí alága ìdúró. Tó bá ṣì pè ọ́ ní ọ̀gbẹ́ni, owó náà ló kéré; fi kún un. Ìyàwó rẹ á di "Mrs. Engr." láàárín ọ̀sẹ̀ kan, má dá a lẹ́kun. Má sì bá mẹkáníìkì àdúgbò jà nítorí pé gbogbo èèyàn ń pe òun náà ní ẹnjiníà. Jẹnẹrétọ̀ tó bá tún ṣe máa ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ò sì ní jẹ́ kí ìjà náà dára fún ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ra akoto funfun. Ká plánnù ilé kan sábẹ́ abíyá. Má tú u lójú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà bi ọ́ ní ohun tó wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wá òǹtẹ̀. Ìjọba kì í fẹ́ gba àwòrán òpó àti dẹ́kìn tí kò bá ní òǹtẹ̀ ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn ò le. Wá ẹnjiníà gidi tí owó iléèwé ọmọ ń dà láàmú, kó o yá òǹtẹ̀ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Bó bá béèrè ibi tí ilé náà wà, fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn wà tí kò ní béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Iṣẹ́ dé. Farabalẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni owó wà. Bí plánnù bá ní irin mílímítà 16 ni kí wọ́n lò, ra 12. Bí a bá gé méjèèjì, ojú irin 12 fi díẹ̀ ju ìdajì ojú irin 16 lọ, nítorí náà o ti rí nǹkan bí ìdajì owó irin fi sápò. Bí kọnkéré bá sì ti bò ó, onílé ò tún ní fojú kàn án mọ́. Kọnkéré ọ̀hún ńkọ́? Ìwọ̀n tí àwọn àgbà ń lò ni sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Sìmẹ́ǹtì ló wọ́n jù nínú wọn, òun ni kó o dín. Jẹ́ kí àwọn lébìrà máa bu omi sí i títí yóò fi máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Á rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti dà, wọ́n á sì máa pè ọ́ ní ọ̀gá dáadáa. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, sọ fún un pé ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó fọ́ ọ wò. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìwọ ti wà lájà kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Onílé á ní òun tún fẹ́ àjà kan sí i. Gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìpìlẹ̀ kò lójú tó fi máa kà á.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ògiri bá sán, wí fún onílé pé ilé ń fìdí jókòó ni. Pe oníPOP, pe ọlọ́dà. Bí ilẹ̀kùn ò bá pa dé mọ́, pe káfíńtà kó rẹ́ ẹ. Bí àwọn LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, bá sì wá sàmì sí i pé kí wọ́n wó o, ọ̀dà tó ṣẹ́kù wà nílẹ̀. Wọ́n ti sàmì sí ilé kan ní Ìta Fájì, ní Èkó, kó tó wó fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, tòun ti iléèwé àwọn ọmọdé tó wà lókè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lọ́jọ́ tó bá wó, ju káàdì nù. Ìwọ kì í ṣe ẹnjiníà, o ò jẹ́ ẹ rí. Bíríkìlà ni ọ́, ohun tí wọ́n ní kó o ṣe lo ṣe. Àkọsílẹ̀ COREN á gbè ọ́ lẹ́sẹ̀, torí orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tó yá ọ ní òǹtẹ̀ máa sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan: rí i dájú pé o ò sí nínú ilé. Ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021 pa èèyàn tó lé ní 40. Àwọn ẹnjiníà kan ti kọ̀wé yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà láti 2020. Ẹni tó ń kọ́ ilé náà wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì jáde láàyè.