Ẹ Kú Àná, Alájì

Ìyá mi kì í fi ìkíni ṣeré. Bí mo bá jẹ ẹyọ ẹ̀kọ kan nílé aládùúgbò lónìí, kí oòrùn ọ̀la tó ràn, mo gbọ́dọ̀ ti lọ kí wọn kú àná. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ni mo gbé tọ àwọn tó pè mí fún íńtáfíù ní GRA, níbí ní Ìlọrin. Òun náà ló sọ mí di ẹni tí máígádì wọn ń dá mọ̀ láti òkèèrè.

Íńtáfíù náà lọ dáadáa, n kò ní purọ́. Ọjọ́ Ajé ni. Àwọn méjì ló bi mí ní ìbéèrè: ọ̀gá àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Alájì, àti màdáámù kan tó lo awò ojú. Nígbà tí a ṣe tán, Alájì ní, "A ó pè ọ́." Ẹlòmíràn á gbọ́ èyí, á lọ jókòó sílé. Èmi ní tèmi, mo ní wọ́n ń dán mi wò ni.

Ìdájí ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun Àsúbà, mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ kú àná, Alájì." Kò fèsì. Ní Ọjọ́rú, mo kọ "Ẹ kú ìjẹta, sà." Ní Ọjọ́bọ̀, "Ẹ kú ìjẹrin." Ìyá mi tó ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ béèrè pé, "Ṣé kò ní í rò pé gbèsè lo fẹ́ sin báyìí?"

Èyí sàn o. Alẹ́ Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́ gan-an. Mo fẹ́ ròyìn fún ọ̀rẹ́ mi kan lórí WhatsApp, mo sì sọ ọ́ lẹ́nu kí ó lè yá: "Màdáámù onígíláàsì yẹn ń wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Kọ̀ǹpútà tí mo ní mo mọ̀ yẹn, ọ̀rẹ́, n kò mọ̀ ju kí n tàn án kí n pa á lọ." Orí nọ́ńbà màdáámù ló lọ. Ìka mi gbọ̀n bí mo ti ń sáré láti pa á rẹ́, mo sì pa á rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ lórí fóònù tèmi nìkan. Ó kù rekete sórí tirẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ alfa ní ẹnu lásán kì í bẹ àgbà, kí n mú nǹkan dání. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ra wàrà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan lọ́nà ọjà Ìpàtà. Mo ní kó bu omi rẹ̀ sí i dáadáa kó má baà kan, ó dì í sí láílọ́ọ̀nù méjì, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Póòsì Ọ́fíìsì. Oòrùn ń ta, láílọ́ọ̀nù ń wú. Orí tábìlì ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ni ó ti bẹ́.

Omi wàrà kì í yára. Ó rọra ń wọ́ lọ lórí tábìlì náà bí arìnrìn-àjò tó mọ ilé tó ń lọ, títí ó fi kan òkìtì síífíì àwa tí a wá iṣẹ́. Tèmi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ló mu jù. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi ká kò, ojú mi wú níbẹ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta. Ọmọbìnrin náà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé."

Mo lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀, mo sì ti gbọ́ pé Alájì máa ń kírun ní Mọ́sálásí Ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ẹ́míà, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981. Mo kọ́kọ́ kí i kú ìjarùn-ún lórí fóònù, mo wá lọ dúró. Mo rí i tó bọ́ bàtà. Bí ìrun ṣe parí, mo ro ó pé èrò pọ̀, ẹnu ọ̀nà kejì ni yóò gbà jáde; mo gbé bàtà náà, mo sì sáré lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó gbà wọlé ló gbà jáde. Ẹ wo èmi: ọjọ́ Jímọ̀, àgbàlá mọ́sálásí, bàtà olówó ńlá lọ́wọ́, mo ń sáré. Ẹnìkan ké "Olè!" kí n tó mọ̀, ọwọ́ mẹ́fà ti wà lọ́rùn ẹ̀wù mi.

Alájì fúnra rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Òun ló ń kí mi kú ìjarùn-ún."

Wọn kò pè mí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ibòmíràn fún mi ní íńtáfíù ní Òpópónà Táíwò. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n. Mo yọ síìmù mi sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, mo gbé e fún ìyá mi, mo ní kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ fún ọjọ́ mẹ́rin, bí mo tilẹ̀ sunkún, kí wọ́n má fún mi. Wọ́n fi ìborùn wé e. Ní ọjọ́ kẹrin tí a ṣí i, ìpè márùn-ún ló wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà kan náà. Mo pè é padà. Obìnrin kan ní, "Háà, a rò pé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà mọ́ ni. A ti mú ẹlòmíràn."

Ìyá mi ń ká ìborùn wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, kí ló dé tí o ò kí wọn kú àná?"