Bàbá Haudúyudú

Bí Bàbá Haudúyudú bá na ọwọ́ sí yín, ẹ má tíì yọ̀. Ìdánwò ló ń bọ̀. Yóò di ọwọ́ yín mú ṣinṣin, yóò gbé àgbọ̀n sókè, yóò wá ti inú imú sọ ọ́ jáde pé: "How do you do?" Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ dáadáa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹ máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí tíṣà bá wọlé, tí ẹ sì máa ń fi orin kí i, ẹ ó dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé: "Fine, thank you, sir." Ó parí. Pàkúté ti mú ẹsẹ̀. Kò ní í fi ọwọ́ yín sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo àwọn tó dúró tì yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè dá a lójú pé èrò pé, kó tó wá sọ fún gbogbo wọn pé: "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Yunifásítì ló sì ti jáde o!"

Ohun tó ń bí ni nínú jù ni pé kò parọ́. Lójú àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́ nílùú Ọba, "How do you do?" kò kan ìlera ẹnikẹ́ni. "How do you do?" náà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Emily Post gbé ìwé rẹ̀ lórí ìwà ọmọlúwàbí jáde lọ́dún 1922, ìkíni yìí kan náà ló sì fọwọ́ sí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn. Bàbá Haudúyudú mọ èyí. Bóyá òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Ìmọ̀ bíńtín yìí ló wá fi ń ṣòwò, èrè tó sì ń rí níbẹ̀ ni ojú tó ń ti ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni mò ń bá wí. N'Íbàdàn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì Agodi ni, bíró mẹ́ta ṣì wà lápò àyà rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí fáìlì tó ń fọwọ́ sí mọ́. L'Ábẹ́òkúta, ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni, ẹnu géètì ló máa ń dúró sí láàárọ̀ kó lè gbọ́ ohun tí àwọn òbí yóò fi dáhùn "How are you today?" L'Ékòó, ó ti di ọ̀dọ́: ó wọ kóòtù, ó gbé fóònù síwájú ara rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá ṣì ń sọ "I'm fine" kò tíì lajú. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé etí wọn kì í gbọ́ ìkíni. Ìbọn, ìyẹn àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń dẹtí sí, kí wọ́n lè pariwo pé ẹnì kan ti yìn ín.

Ìwé òfin rẹ̀ gùn. Ẹ ò gbọdọ̀ kí i ní "Well done" bí ẹ bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹni tó ti ṣe àṣeyọrí ni òyìnbó ń sọ ọ́ fún. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé "Sorry" bó bá fẹsẹ̀ kọ, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó bi yín pé ṣé ẹ̀yin lẹ tì í ni. "Happy Sunday" kò sí nínú ìwé kankan tó kà. "Good night" lẹ́nu ẹni tó ń wọlé bọ̀ máa ń mú un fò dìde lórí àga.

Mo rí i lọ́jọ́ kan tí táyà ọkọ̀ rẹ̀ jò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi jáàkì gbé ọkọ̀, òógùn ti bò ó. Ìyá alákàrà kan tó ń kọjá lọ kí i tinútinú pé, "Well done, sir." Ọkùnrin yìí fi jáàkì sílẹ̀. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyá náà ìdí tí ohun tó sọ kò fi bójú mu, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ìyá náà ní, "Ẹ má bínú, sà," ó gbé igbá rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan tó ti ń bọ̀ wá bá a ti jáàkì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá sẹ̀ríà fún alákàrà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì borí lọ́jọ́ náà, àmọ́ táyà kò kúrò lójú kan.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, àwáwí kan ló ní, ó sì ti lò ó títí ó fi gbó: "Torí kí ojú má baà tì yín lókè òkun ni." Ẹ jẹ́ ká yẹ àwáwí yìí wò dáadáa. Ó ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí kò rìn ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ rí. Ó ń sọ ọ́ fún bíríkìlà tó wà lórí àkàbà. Ó sọ ọ́ fún àfẹ́sọ́nà ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Kí ojú má baà tì í ní Manchester lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, lọ́wọ́ òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí, Bàbá Haudúyudú dójú tì í n'Íbàdàn lọ́sàn-án gangan, níwájú ìyá ìyàwó. Ìtìjú tó ní òun ń gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ló ń pín in kiri. Mi ò sì tíì rí ẹni tí wọ́n dá padà láti Heathrow nítorí "Fine, thank you." Físà ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.

Òkè òkun náà kò kúkú rí bó ṣe ń wí. Ní London, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ọ̀gá ibi iṣẹ́, "You all right?" ni wọ́n ń sọ. "Yeah, you?" ni ìdáhùn, kò sì sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. "How do you do?" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ Bàbá Haudúyudú ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, tó dé Peckham ní London, ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù kí i pé, "You all right?" Àyà bàbá já. Ṣé àìsàn hàn lójú òun ni? Ló bá dúró, ó ròyìn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fi orúnkún kún un, ó to orúkọ oògùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń wo aago. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fún un ní ṣéńjì, ó ní kó máa tọ́jú ara rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kò pe èrò wá wo bàbá tó yìnbọn. Ǹjẹ́ bàbá kọ́gbọ́n? Nígbà tó padà dé, ohun tó sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ti bàjẹ́ ní London. Nígbà tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford sì kéde lóṣù kìíní ọdún 2020 pé àwọn ti gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì àwa ọmọ Nàìjíríà, tí "danfo" àti "next tomorrow" wà lára wọn, ó ní wọ́n ti fi owó ra Oxford.

Wọ́n ti fi irú rẹ̀ ṣe eré rí. Bernard Shaw, ọmọ Ireland, ló kọ Pygmalion, tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún 1914. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan mú ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó, ó kọ́ ọ ní ohùn àwọn ọlọ́lá, ó sì ní kó má sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ti ìlera lọ bó bá dé àárín wọn. Ọmọ náà kí wọn láìṣì í rárá. Àmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ ohùn gbogbo ayé, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ènìyàn, òun gan-an ni Shaw fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wa ń ṣe ipa ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ má jẹ́ ká wá di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó o. Ilé wa ni àrùn yìí ti wá. Àgbà tó jẹ́ pé orúnkún ẹni tó kúnlẹ̀ ló ń wò, tí kò wo ojú rẹ̀, ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Badagry. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn?" Ohùn kan náà ni, Gẹ̀ẹ́sì ló kàn wọ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa ló tún mọ ohun tí ìkíni wà fún jù. Malinowski, onímọ̀ àṣà tí wọ́n bí ní Poland, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1923 pé ọ̀rọ̀ ìkíni kì í gbé ìròyìn, pé ó wà láti so ènìyàn pọ̀ ni. Ẹni tí ebi pa sùn ń dáhùn "Ṣé àlàáfíà ni?" pé "A dúpẹ́," kò sì sí ọmọlúwàbí tó máa yọ ọ́ síta pé irọ́ ló pa.

Èyí tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín ni ti ilé ọ̀fọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, ó lọ kí ìyàwó. Nítorí pé àwọn èèyàn ńlá jókòó síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kí i. Opó náà gbójú sókè, ó ní, "We are fine, sir. We thank God." Bàbá Haudúyudú rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe 'fine', madam. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í sọ pé òun 'fine'." Obìnrin náà tọrọ àforíjì. Òkú ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ó ń tọrọ àforíjì nítorí Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" wà nílẹ̀, kò ní í ná bàbá ní kọ́bọ̀. Ìkà ni. Mi ò lórúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ wa má mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀: "How are you?", ẹ ní "Very well, thank you. And you?", "How do you do?", ẹ dá a padà bó ṣe wá, "Pleased to meet you", ẹ ní inú ẹ̀yin náà dùn, "You all right?", ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ bi ẹni náà padà, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó o. Ẹ kọ́ ọmọ yín nílé, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ yín, bó bá kí yín, ẹ dá a lóhùn. Bó bá sì ṣì í, ẹ dá a lóhùn náà, nítorí ó ti kí yín ná, Bàbá Haudúyudú kò sì tíì kí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.