Mínísítà Tó Ni Ìwé Ìròyìn
Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ti ṣe akọ̀ròyìn rí, tó sì kó àwọn ènìyàn jọ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949; nígbà tó di 1952, ó di mínísítà ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ìjọba tó ń bójú tó ọjà àti gọ́tà, ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Bí gọ́tà bá wá dí, olóòtú Tribune tó fẹ́ bú mínísítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ẹni tó ń san owó oṣù, bí wọ́n bá sì ní kí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà parí ìjà náà, ọ̀dọ̀ olùdásílẹ̀ kan náà ni ẹjọ́ ń lọ. Ní 1954, ó kúkú di Pírẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà.