Bí Mo Ṣe Di Éríà Rédíò ní Àyétòrò

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tẹ́ńbẹ́lú rédíò, ẹ bá mi sọ fún un pé kó má dé Àyétòrò. Èmi gbé ẹnu gígùn débẹ̀, wọ́n sì bá mi gé e.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó ni mo gbé dàgbà. Omi tí mo mọ̀ jù ni èyí tó ń ya wọlé wa lásìkò òjò. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kí Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Àyétòrò, fún ọdún Kérésì, mo gbé fóònù tuntun dání, pẹ̀lú sípíkà Bluetooth tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú. Láti èbúté Ìgbókọ̀dá ni mo ti ń ṣàlàyé fún ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ pé ayé rédíò ti parí: orin tó bá wù mí ni mò ń gbọ́, láìsí atọ́kùn tí yóò máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìyá náà ò jà mí níyàn. Ó kàn bi mí pé, ṣé fóònù náà mọ omi í wẹ̀?

N kò tíì kí ilé tán tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi lọ. Gbogbo orin tí mo fi ń yangàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. N kò fi ẹyọ kan pamọ́. Nígbà tó di alẹ́, fóònù kú. Mo rí ihò iná kan lára ògiri, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo wá jókòó tì í bí adìyẹ tó ń sàba. Ọmọdé kan ló ṣàánú mi, ó ní òun ò rí iná nínú ihò yẹn rí látìgbà tí wọ́n ti bí òun. Bẹ́ẹ̀, Àyétòrò yìí, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti ní iná mànàmáná tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń tan àtùpà. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí iná ìjọba ti pa Ìlàjẹ tì, òkun náà sì ń gbé ilé lọ.

Rédíò Bàbá ń kọrin ní tirẹ̀. Bátìrì ńlá mẹ́rin ló ń jẹ, rọ́bà ni Bàbá fi so ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Orlando Owoh ló wà lórí afẹ́fẹ́, àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lójúde kejì sì ń gbè é, nítorí pé ìkànnì kan náà làwọn náà yí sí. Bí atọ́kùn bá kí àwọn apẹja láti Àkúrẹ́, ilé bíi mélòó kan á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni ò ra dátà. Wọn a tún gbọ́ ẹni tó kú àti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ láàárín orin méjì. Fóònù mi ò kí ẹnikẹ́ni rí.

Ká ní mo fi ibẹ̀ jókòó, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Àmọ́ nígbà tí Bàbá lọ sójú omi láàárọ̀, mo ní kí n bá a tún ilé ṣe. Mo rí wáyà kan tó ti dípẹtà, ó gba ojú fèrèsé jáde lọ sórí ọ̀parun gíga kan, wọ́n sì so ṣíbí mọ́ góńgó rẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí lèyí. Mo já a, mo fi sá aṣọ.

Bàbá dé lálẹ́, ó tan rédíò. Ṣìììì. Ó wo rédíò, ó wo okùn aṣọ, ó wo èmi.

«Ta ló sá ṣòkòtò sórí éríà mi?»

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ìwé. Mo pín 300 sí 102.5, nọ́ńbà Positive FM Àkúrẹ́, ó fún mi ní bíi mítà mẹ́ta, ìyẹn gígùn ìgbì rẹ̀. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 75. Mo gé wáyà níwọ̀n bẹ́ẹ̀, mo gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣìììì náà ni. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìgbì FM kì í tẹ̀ lé ilẹ̀ jìnnà bíi ti rédíò AM àtijọ́. Ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, Àkúrẹ́ sì jìnnà ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Gíga ọ̀parun yẹn ni gbogbo agbára Bàbá.

Ni mo bá gun òrùlé kí n lè dá wáyà padà sórí ọ̀parun. Ọ̀parun yẹ̀, èmi náà yẹ̀, a jọ balẹ̀ sínú omi abẹ́ ilé. Ẹ̀rín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo yọrí. Èkejì tí mo gbọ́ ni èdè Faransé, ketekete: wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá tẹ́ lé tútù lójú òkun, orin Kùtọnu lè gba orí omi rìn wá síhìn-ín. Bàbá yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀, Àkúrẹ́ jáde. Mo ju wáyà sílẹ̀ láti nu ojú mi, Àkúrẹ́ lọ. Mo tún mú un, ó dé.

«Má kúrò níbẹ̀,» ni Bàbá wí.

Wọ́n fà mí gòkè, wọ́n dá mi dúró síbi fèrèsé, apá òsì lókè, ojú sí àríwá. Àwọn aládùúgbò gbé àga wá. Ètò orin àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jó. Yànmùyánmú kan bà lé mi lọ́rùn, mo fi ọwọ́ gbá a. Orin dàrú, gbogbo ilé fi ohùn kan pariwo lé mi lórí. Ọmọdé tó ṣàánú mi nídìí ṣájà lọ́jọ́sí ló wá ń fi pùpùrù àti ẹja sí mi lẹ́nu ní òkèlè-òkèlè, kí ọwọ́ mi má bàa kúrò lára wáyà.

Nígbà tí wọ́n máa tú ká, Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní tó bá di ọ̀la, òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè gbé Èkó.