Ìyàwó Oníyàwó Kọ́ Ni Mò Ń Wò

Mo fẹ́ kí gbogbo ará Aládé ní Ìdànrè gbọ́: oògùn ni mò ń lò. Tí ẹ bá rí mi níwájú ilé mi, tí mo gbójú sókè síhà òkè, tí mò ń ṣẹ́jú wéréwéré, ìyàwó oníyàwó kọ́ ni mò ń wò.

Kòkó ló fà á. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là lóṣù Kejìlá ọdún 2024, àwa tí à ń ra kòkó ní Ìdànrè ò sùn mọ́. Kí àkùkọ tó kọ, mo ti ń wo iye tí wọ́n ń tà á ní New York lórí fóònù; lálẹ́, tí wọ́n bá múná lọ, màá tún daṣọ borí wò ó. Nígbà tó wá já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣé mo dáwọ́ dúró? Ta ni owó rẹ̀ ń jábọ́ tí yóò gbójú kúrò níbẹ̀?

Ni ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Mò ń wọn kòkó fún bàbá àgbẹ̀ kan, omi ojú ń kán tótó sórí òṣùwọ̀n. Bàbá ní òun mọ ẹkún oníbàárà, òun ò ní dín kọ́bọ̀. Aládùúgbò kan ní kí n fi omi ṣúgà sí i. Òmíràn ní ìtọ̀ ọmọdé. Ìyá àwọn ọmọ mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ tán: "Fóònù ni." Èébú ni mo kà á sí.

Mo ra awò ojú lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń kiri, ó ní kì í jẹ́ kí iná fóònù jó ẹyinjú. 6,000 náírà! Mo wá wọkọ̀ lọ Àkúrẹ́. Dókítà ojú ní iná kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ìpéǹpéjú ló ń nu ojú bíi wáípà mọ́tò. Èèyàn a máa ṣẹ́jú tó ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n tó bá tẹjú mọ́ fóònù, ó lè má tó ìdajì ìyẹn. Ojú á gbẹ, á máa ta, á sì tún máa domi. Omi ṣúgà àti ìtọ̀ yẹn, ó ní irú rẹ̀ ti fọ́ ojú ẹlòmíràn. Ó tún ní mo ti lé ní 40, ọjọ́ orí ni kò jẹ́ kí n rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ìyẹn ni mi ò bi í o.

Oògùn wá dà? Ó ní tí ìṣẹ́jú 20 bá ti pé, kí n gbójú kúrò lára fóònù, kí n wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí n máa ṣẹ́jú. Ẹ gbọ́! Ọmọ Ìdànrè lẹ ń kọ́ ní wíwo ọ̀ọ́kán! Èmi tí òkè Ìdànrè, òkúta rẹpẹtẹ yẹn, ti dojú kọ ilé wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Owó ọkọ̀ lọ, owó káàdì lọ.

Mò ń ṣe é ṣá, ojú náà sì ń rọlẹ̀. Wàhálà tó kù ni pé ilé kan wà láàárín èmi àti òkè, ìyàwó ilé náà a sì máa sá aṣọ ní déédéé àkókò oògùn mi. Lánàá, ọkọ rẹ̀ bi mí léèrè pé kí ni mò ń wò. Mo ní òkè ni. Ó yíjú wẹ̀yìn, èmi náà gbójú sókè.

Ìkùukùu ti bo òkè pátá.